Kòtò Tí Mo Gbẹ́ Sí Ìdí Ògiri

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Jẹ́jẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tí o ní eyín ń yọ fún nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Eyín náà á ti yọ tán, á sì ti máa fi gé yín jẹ báyìí. Ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́ tí o bá dìde lábẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Má fi ṣeré o. Ara kì í ṣe irin, tó bá yẹ̀, kò sí sípánà tí a fi ń dè é. Ara tèmi le. Ìyàwó mi ń kí ọ, àwọn ọmọ méjèèjì ń kí ọ, bàbá ìyàwó mi tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá náà ní kí n bá òun kí ọ dáadáa.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bínú pé mi ò tètè fèsì lẹ́tà rẹ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ nílé yìí tó jẹ́ pé tí mo bá mú bírò, màá tún gbé e sílẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo lè rò ó fún láìfi ibì kan pa mọ́, torí ìwọ lo mọ̀ mí láti ìgbà tí ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́ mọ́tò ti ń pè mí ní Wàràwàrà, tó ń pe ìwọ ní Jẹ́jẹ́.

O mọ ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹrin, ẹni tó ni ilẹ̀ náà wá bá mi, ó ní òun fẹ́ kọ́lé sí i, ó ní kí n bá òun kó jáde kí oṣù kẹfà tó parí. Kò bá mi jà, ó tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Àmọ́ ẹ̀dùn rẹ̀ ò lè gba jáàkì mi àti irin iṣẹ́ mi sílé. Mo wá àyè káàkiri. Èyí tó sún mọ́ ilé ò fẹ̀, èyí tó fẹ̀, ọkọ̀ ò lè dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wo ẹ̀yìnkùlé wa, mo wá bi ara mi pé, ibí yìí náà ńkọ́?

Jẹ́jẹ́, ẹ̀yìnkùlé wa ò tóbi. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta bóyá á gùn sí i, kò gùn sí i. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni gígùn rẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni ìbú rẹ̀. Táǹkì omi wà lọ́wọ́ òsì lórí òpó irin mẹ́rin. Okùn tí a ń sá aṣọ sí gba àárín kọjá. Àga bàbá ìyàwó mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ tí wọ́n á máa gbọ́ rédíò. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ọkọ̀ máa gbà wọ ibẹ̀, ọ̀nà náà sì há débi pé mo gbọ́dọ̀ ká dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì wọlé, kí n di èémí mi mú. Tí ọkọ̀ bá sì ti wọlé, ibì kan ṣoṣo ló lè dúró sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ògiri ọgbà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, torí táǹkì omi ò ní jẹ́ kó yà sí òsì.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi àgbà. Bẹ́ńṣì á wà lára ògiri ilé, màá fi irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn so ó, kí n lè máa ká a sókè tí mi ò bá lò ó. Àwọn sípánà á gbé ara kọ́ sára pákó, àti kékeré àti ńlá, bí ọmọ ilé-ìwé tó tò lórí ìlà. Páànù á bo orí rẹ̀. Bí mo ṣe ń yà á ni inú mi ń dùn bí ẹni tó ń kọ́ ààfin. Ohun tó kù ni bí màá ṣe máa rí abẹ́ ọkọ̀. O rántí kòtò inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, tí a máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, tí a óò dúró lórí ẹsẹ̀ wa bí ènìyàn, dípò ká máa fi ẹ̀yìn wọ́ nílẹ̀ bí ejò? Irú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí náà ni kòtò gbọ́dọ̀ wà, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí ìdí ògiri.

Òdì kejì ògiri yẹn ni Ìyá Aránṣọ ń gbé. Opó ni wọ́n, àwọn nìkan ló ń dá gbé. Wọ́n fi igi àti páànù ṣe ìbòrí kékeré kan, wọ́n ki orí àwọn igi náà bọ inú ògiri, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lé orí páànù kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Abẹ́ rẹ̀ ni maṣíìnì wọn wà. Wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á máa ránṣọ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ kó iṣẹ́ mọ́tò wálé, wọ́n wá bá mi ní géètì. Wọ́n ní èéfín á ba aṣọ oníbàárà àwọn jẹ́, ariwo á sì fọ́ àwọn lórí. Èmi náà ò ní sùúrù, mo ní maṣíìnì tiwọn náà kì í ṣe odi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di gbọ́nmi-si-omi-ò-to nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí wọn, wọ́n á gbójú sókè bíi pé ẹyẹ ló ń dún.

Bàbá ìyàwó mi, ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe bíríkìlà kí orúnkún tó dá wọn dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí i pé mo fi èèkàn sàmì sí ibi tí mo fẹ́ gbẹ́, wọ́n fi ọ̀pá dìde, wọ́n lọ síbi ògiri, wọ́n fi ìdí ọ̀pá ha ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ògiri yìí ò ní ìpìlẹ̀. Wọ́n kàn to búlọ́ọ̀kù lé orí ilẹ̀ ni. Tí o bá gbẹ́ ilẹ̀ níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lo gé yẹn."

Mo ní màá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Wọ́n ní kí ló máa di ògiri mú kí símẹ́ǹtì tó gbẹ. Mo ṣàlàyé, wọ́n ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, a ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n tún gbé e dìde. Ọjọ́ ń lọ, oṣù kan àbọ̀ péré ló kù fún mi, ọkọ̀ mẹ́ta ni mo tú kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tí mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ tì wọ́n sí. Inú bí mi. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé mi nìyí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nínú rẹ̀."

Ẹyin lohùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ìyàwó mi ń wo àwo oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ṣan ọwọ́, wọ́n dìde, wọ́n gbé rédíò wọn wọ yàrá, wọn ò sì jáde sí àga wọn mọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ. Tí mo bá kí wọn, wọ́n ń dáhùn o, àmọ́ bí akọ̀wé ọ́fíìsì ṣe ń dá ẹni tí kò mọ̀ rí lóhùn ni. Ìyàwó mi ń gbọ́ oúnjẹ, ó ń gbé e síwájú mi, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń bá oúnjẹ wá ni mi ò rí. Adìyẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Dípò ìyẹn, mo gbẹ́ kòtò náà. Ọjọ́bọ̀ ni, ìyàwó mi gba ààyè níbi iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn nítorí orúnkún. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni mo gbé díígà. Láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́ta, mi ò jókòó. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo to pákó lé e, mo da ọ̀rá ńlá bò ó. Nígbà tí wọ́n dé, ìyàwó mi wo ibẹ̀, ó ní, "Ẹ ti gbẹ́ ẹ nìyẹn." Bàbá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n sì fa aṣọ ojú fèrèsé padà.

Ọjọ́ kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Irú òjò tí kì í kánjú yẹn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó dá, oòrùn yọ, àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún wọn. Mo ṣí ọ̀rá, mo rí i pé omi ti dé ìdajì kòtò. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wọ inú rẹ̀, mò ń gbọ́n ọn.

Bóyá bọ́kẹ́ẹ̀tì ogún ni mo ti dà nù nígbà tí mo gbọ́ nǹkan tó já bọ́ sínú omi lẹ́yìn mi, gbùúù. Mo yíjú. Ẹ̀gbẹ́ kòtò tó wà níhà ògiri ti ya sínú omi, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ògiri sì wà lófuurufú, kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ògiri ti là láti òkè délẹ̀, ìka mi lè wọ ojú ìlà náà. Ó ti tẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Iyanrìn ń dà lójú ìlà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí mo rò láti ṣe, tí mo ti ń na ọwọ́ sí i, ni kí n ti ògiri náà padà.

"Má fọwọ́ kàn án! Jáde níbẹ̀!"

Bàbá ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná láìmú ọ̀pá dání. Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Ibi tí mo ti ń mí gúlegúle ni mo ti gbọ́ ọ lódì kejì: maṣíìnì Ìyá Aránṣọ, gìrìgìrìgìrì. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri náà. Tí ògiri bá wó sọ́dọ̀ wa, á fa àwọn igi yẹn yọ, páànù àti búlọ́ọ̀kù mẹ́rin á sì wá sórí wọn.

Mo lọgun, "Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀! Ògiri fẹ́ wó!"

Maṣíìnì dúró. Ohùn wọn wá lókè ògiri, "Kó wó! Ṣé bí o ṣe fẹ́ lé mi kúrò nínú ilé mi nìyẹn? O ò tíì bẹ̀rẹ̀!" Maṣíìnì tún gbéra, ó tilẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo tún pè wọ́n, mo bẹ̀bẹ̀, bí ẹni tó ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Ìyàwó mi ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Bàbá ní kí n gbé pákó tí mo rà fún bẹ́ńṣì wá, méjì tó gùn jù. Wọ́n ní kí n fi ìdí rẹ̀ ti òpó táǹkì, kí n rọra gbé orí rẹ̀ lé ògiri, "Rọra, má gbá a, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn." Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹ ìdí pákó mọ́lẹ̀, àti èyí tó ń dùn wọ́n, àti èyí tí kò dùn wọ́n. Mo gbé èkejì tì í. Iyanrìn ò dáwọ́ dúró.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi ní géètì Ìyá Aránṣọ. Kò lọgun. Kò dárúkọ ògiri. Ohùn tí ènìyàn fi ń ra nǹkan ló lò: "Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o! Aṣọ àwọn olùkọ́ mẹ́wàá ni mo kó wá fún yín, ẹ wá bá mi gbé e, ó wúwo, ọwọ́ ti ń dùn mí!"

Maṣíìnì dúró. Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ bàtà, pátí, pátí, pátí, kò kánjú rárá. Mò ń ka ìṣísẹ̀ wọn nínú ọkàn mi. Pákó àkọ́kọ́ tẹ̀ bí ọrun ọfà.

Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀! Fà mí kúrò níbí!"

Mo gbá wọn mú lábíyá, mo wọ́ wọn sẹ́yìn. Ògiri náà rọra dọ̀bálẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀, ariwo rẹ̀ wá dé lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, igi fọ́, páànù hó, eruku bò wá, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo pe orúkọ ìyàwó mi. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Jẹ́jẹ́, mi ò mọ bí àkókò náà ṣe gùn tó, àmọ́ mo dàgbà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́, "A wà níta! Àwa méjèèjì wà níta!" Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà.

Ó yẹ kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Apá tó kàn yìí ló ń mú mi gbé bírò sílẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ti kún ibẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé òjò ni, òjò àná burú. Ògiri ti wó dí kòtò pátápátá, ojú ò rí nǹkan kan bí kò ṣe òkìtì búlọ́ọ̀kù. Ìyá Aránṣọ dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lérí, wọ́n ń wo maṣíìnì wọn tó ti tẹ̀ wọlé lábẹ́ páànù. Wọ́n yíjú sí mi, omi wà lójú wọn. Wọ́n ní, "O pè mí, mo sì bú ọ. Má bínú, ọmọ mi. Òjò yìí ìbá pa mí."

Ìyàwó mi wò mí. Bàbá rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara wọn. Mo la ẹnu, mo ní, "Òjò ni, Ìyá."

Wọ́n tẹ̀ lé wa wálé, ìyàwó mi fún wọn lómi. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi: mi ò ní rí ibi, iṣẹ́ ọwọ́ mi á máa gbòòrò. Mò ń ṣe àmín, mò ń wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, mo tẹ̀ lé bàbá wọ yàrá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa sọ fún Ìyá. Wọ́n ń fọ orúnkún wọn tó ti wú. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kòtò kì í ṣe tèmi. Ilé rẹ nìyí."

Wọ́n ní tí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, mo bẹ Ìyá Aránṣọ pé kí wọ́n wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí etí kòtò fi hàn. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo gbẹ́ èyí. Bàbá kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Kì í ṣe òjò."

Wọ́n wo kòtò náà. Wọ́n bi mí pé, "Nígbà tí mò ń ṣàdúrà fún ọ lánàá, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ sílé wọn. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá jáde wá, wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá ilé ìdáná, wọ́n sì ní kí n lọ mú ṣọ́bìrì.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Mo ti dí kòtò náà, mo gún un mọ́lẹ̀ pinpin. Bàbá ní kí n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó dáa fún ògiri, wọ́n ń jókòó pàṣẹ, èmi ń rù, mò ń pò, mò ń tò. Tí ìlà bá wọ́ díẹ̀ báyìí, wọ́n á fi ọ̀pá kan búlọ́ọ̀kù náà, màá tún un tò. Ògiri ti ga dé ìbàdí mi. Wọ́n tún àwòrán mi yà pẹ̀lú: okùn aṣọ máa lọ sí iwájú ilé, táǹkì omi á sún wọ igun kí ọkọ̀ lè yà sí òsì díẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí kòtò, pákó méjì tó nípọn, tó dàgẹ̀rẹ̀, ni ọkọ̀ á máa gùn kí n lè rí abẹ́ rẹ̀, àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta á sì wà láàárín ọkọ̀ àti ògiri. Èéfín ọkọ̀ á máa kọjú sí ojú pópó. Ó há, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá parí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù.

Maṣíìnì Ìyá, mo tú u palẹ̀ sórí bẹ́ńṣì mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi na irin rẹ̀ tó tẹ̀, mo wá kẹ̀kẹ́ mìíràn fún un. Ọwọ́ ìyàwó mi ni wọ́n ti gbà á, wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló tún bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi gbà láti máa ránṣọ ní pálọ̀ wa títí ìbòrí tuntun á fi wà. Wọ́n ń kí bàbá, wọ́n ń kí àwọn ọmọ, wọ́n ń bá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nípa aṣọ olùkọ́ mẹ́wàá tí wọn ò rí títí dòní. Èmi, mò ń gba inú pálọ̀ ara mi kọjá bí olè.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí, mo wọlé wá mu omi. Bẹ́líìtì maṣíìnì wọn yọ. Wọ́n gbìyànjú láti fi í padà, kò wọlé. Wọ́n tún gbìyànjú. Mo dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n dúró. Wọn ò wò mí. Wọ́n kàn sún ẹsẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n ní, "Ṣé o kàn máa dúró wò mí ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo fi bẹ́líìtì náà padà. Ọwọ́ mi ò tíì jáde tán tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, gìrìgìrìgìrì.

Wọ́n ní, "Bàbá ìyàwó rẹ ń pè ọ́. Lọ ru búlọ́ọ̀kù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti gbọ́ gbólóhùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ọmọ. Bá mi kí ọ̀gá wa tí o bá ya ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ má tíì rò ó fún wọn, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi rò ó. Tọ́jú ẹ̀yìn rẹ. Tí o bá sì ní pákó tó nípọn tí o ò lò, fi ránṣẹ́ sí mi, torí mo ti fi méjì tó dáa jù gbé ògiri.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ tó ṣì ń kọ́ sùúrù,

Wàràwàrà.